Kí O Tó Ra Ilẹ̀, Lọ Kírun Àsùbáà Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀ bá di oko mìíràn, níbo ni a ó ti sinmi?

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ìyàwó mi fi gbé nínú fúláàtì oníyàrá méjì ní Gáà-Àkàńbí, níhìn-ín ní ìlú Ìlọrin. Nígbà tí a wọlé, ọmọ kan ṣoṣo ni a ní. Ní ọdún 2024, ọmọ ti di mẹ́rin, onílé sì tún fi owó kún owó ilé. Mo sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo kó àjọ, mo fi kún ohun tí mo ti fi pamọ́ nínú èrè aṣọ tí mo ń tà ní Ọjà Ọba, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀.

Alágbàtà kan mú mi kọjá Òkè-Oyì, lójú ọ̀nà Jẹ́bà, a sì yà wọ inú igbó lọ. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, igi ẹ̀mí dúró síbẹ̀ bí agboorùn. Ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ó ní 900,000 náírà ni. Irú ilẹ̀ kan náà lójú ọ̀nà Sóbì, tí kò jìnnà sí ìlú, 2,300,000 náírà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni kò ní mú ti 900,000? Mo ti ń ka owó lọ́kàn.

Kí n tó san kọ́bọ̀, mo lọ kí bàbá mi kan tó jẹ́ àlùfáà ní agboolé wa ní Àlànàmú.

Mo ní, "Bàbá, mo ti rí ilẹ̀ o."

Wọ́n ní, "Alihamudulilahi. O ti kírun Àsùbáà níbẹ̀?"

Mo ní rárá, ọ̀sán ni mo lọ.

Wọ́n ní, "Ọ̀sán kì í fi ilẹ̀ han èèyàn. Lọ kírun Àsùbáà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o ti ibẹ̀ wá sí ìsọ̀ rẹ bí ẹni tó ń lọ ṣòwò, kí o sì padà síbẹ̀ lálẹ́ bí ẹni tó ń lọ sílé. Nígbà náà ni kí o wá sọ fún mi pé o ti rí ilẹ̀."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo dúró, mo dẹtí, n kò gbọ́ ìpè ìrun láti ibì kankan. Èmi nìkan ni mo tẹ́ ẹní mi sí abẹ́ igi ẹ̀mí, mo sì kírun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ọ̀nà ọjà pọ̀n. Ọ̀kadà dé ọ̀nà ọ̀dà, 400 náírà. Bọ́ọ̀sì wọ ìlú, 500 náírà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Ọjà Ọba, 300 náírà. Nígbà tí n ó fi ṣí ìsọ̀, aládùúgbò mi ti tajà lẹ́ẹ̀mẹta. Lálẹ́, àsìkò ìrun Ìṣáì bá mi lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀dà, àwọn ọlọ́kadà sì ní àwọn kò wọ inú lọ́hùn-ún mọ́ àfi bí mo bá san ìlọ́po méjì.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Àlọ 1,200, àbọ̀ 1,200, ó di 2,400 náírà lójúmọ́. Ọjọ́ 26 lóṣù, 62,400 náírà. Láti ọ̀nà Sóbì, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni, 600 náírà àlọ àti àbọ̀, 15,600 náírà lóṣù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́dún kan jẹ́ 561,600 náírà. Ìyẹn ni pé 1,400,000 náírà tí mo rò pé mo jẹ lérè yóò wọ inú ọkọ̀ tán láàárín ọdún méjì ààbọ̀, èmi nìkan ni mo sì kà, n kò tí ì ka ìyàwó àti ọmọ. Owó ọkọ̀ pàápàá kì í dúró síbi kan. Ẹ rántí òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà epo tí kò tó 200 náírà kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ti fi owó ọkọ̀ àná ra ilẹ̀ ọ̀nà jíjìn kò lè gbé ilẹ̀ náà súnmọ́ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn wa wí. Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ka nǹkan mẹ́rin mọ́ oríire ọmọ ènìyàn: ìyàwó rere, ilé tó láyè, aládùúgbò rere, àti nǹkan ìgùn tó rọrùn. Ẹ kíyè sí i pé ilé, aládùúgbò àti ohun ìgùn wà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Àwa tí à ń ra ilẹ̀ lónìí, ilé nìkan ni a ń wò, a gbàgbé méjì yòókù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi kẹ́gàn ará ọ̀nà jíjìn. Àwọn Banu Salima ní Mẹ̀dínà ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì fẹ́ kó wá sí tòsí mọ́sálásí Ànọ́bì. Ànọ́bì ní kí wọ́n dúró sí ilé wọn, nítorí pé à ń kọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá sí mọ́sálásí sílẹ̀ fún wọn. Kò fẹ́ kí ẹ̀yìn ìlú Mẹ̀dínà dahoro. Ẹ tún rò ó wò pé odindi ìdílé ni Banu Salima. Wọn kò dá wà nínú igbó.

Ìlú Ìlọrin náà fi èyí hàn wá. Gáà ni à ń pe ibùdó àwọn Fúlàní darandaran. Gáà-Àkàńbí, Gáà-Ìmáàmù, Gáà-Ọ̀dọ̀ta, orúkọ wọn ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́ rí, ilé ló kún ibẹ̀ lónìí. Tankẹ́ gbòòrò nítorí Yunifásítì Ìlọrin tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ẹ̀yìn ìlú àná ni àárín ìlú òní. Nítorí náà, kò burú láti lọ jìnnà, bí ènìyàn bá mọ irú ìlọ tí ó ń lọ.

Èyí ni ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó fẹ́ kúrò nínú ilé àyágbé.

Èkíní, lọ wo ilẹ̀ náà ní Àsùbáà, ní alẹ́, àti nígbà òjò. Ẹni tó bá mọ odò Àsà kò ní ra ilẹ̀ etí odò ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀.

Èkejì, béèrè ọ̀rọ̀ aládùúgbò kí o tó béèrè iye owó. Níbo ni mọ́sálásí wà? Níbo ni ọmọ yóò ti kéwú?

Ẹ̀kẹta, má fi ojú àánú ra ilẹ̀. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni àkóso ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Mú awọnlẹ̀ lọ, kí o sì yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì KWGIS ti ìjọba Kwara. Àlùkùráánì pa á láṣẹ fún wa láti kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán rà.

Ẹ̀kẹrin, bí o bá máa lọ jìnnà, má dá lọ. Ẹ kó ara yín jọ bí mẹ́wàá, kí ẹ fi ilẹ̀ mọ́sálásí àti ilé kéwú sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù.

Ẹ ó béèrè pé kí ni èmi ṣe níkẹyìn. Owó mi kò ká ilẹ̀ ọ̀nà Sóbì. Ìyàwó mi ló sọ pé, "Bàbá Ràfíù, ṣé dandan ni kó jẹ́ odindi? Ẹ jẹ́ kí a ra ààbọ̀." Ààbọ̀ náà ni a rà, 1,150,000 náírà, a sì ti ń kan òrùlé. Yàrá kò pọ̀, àgbàlá kò fẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ìpè ìrun láti ibẹ̀, n ó sì lè délé kí àwọn ọmọ mi tó sùn. Lójú tèmi, ilé tó láyè nìyẹn.

Bàbá mi ní Àlànàmú ṣì kù tí wọ́n ń sọ fún mi pé kí n má gbàgbé agboolé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń yà kí wọn.

Kí Ọlọ́run Ọba fún ẹni tí kò tí ì ní ilé ní ilé, kí ó fi aládùúgbò rere yí wa ká, kí ó má jẹ́ kí a lógun ọ̀nà. Àmín.