Ẹ̀ka tàbí Hóró: Ọ̀nà Wo La Fi Ń Sọ Ìdí Ewúro Kan Di Púpọ̀?

Ìdí ewúro tó ti gbó kì í ṣọ̀wọ́n lẹ́yìnkùlé ní Ìnísà, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìkìrun àti Òkukù. Ẹni tó ní ọ̀kan tó sì ń fẹ́ mẹ́wàá ní ọ̀nà méjì: kó gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, tàbí kó dúró dè é títí yóò fi tanná, kó sì gbin hóró rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ lèèyàn ń wá, ẹ̀ka ni mo fara mọ́. Síbẹ̀, ó ń dùn mí pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé hóró pátápátá.

Sùúrù ni hóró ń fẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewúro máa ń tanná, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tí oyin ń rọ́ lọ bá. Hóró rẹ̀ kéré, ó ní irun lórí, atẹ́gùn a sì máa gbé e lọ bí a kò bá tètè ṣa á. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù, èyí tó bá pẹ́ nílé ló sì burú jù. Èyí tó bá hù yóò wà lábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣeé lọ́ sí ààyè rẹ̀.

Ẹ̀ka yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti fi ìyeyè tàbí làpálàpá ṣọgbà rí ti mọ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe orí ọ̀mùnú là ń gé, nítorí kíá ló ń rọ, tó sì ń jẹrà. Ọ̀pá tí èèpo rẹ̀ ti ń pọ́n, tó tó àtàǹpàkò, ló dára. Kó gùn tó ìwọ̀n 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi tí ewé ti ń yọ. Ẹ já ewé rẹ̀ kúrò, torí omi ara ọ̀pá ni ewé yóò máa fà nígbà tí kò tíì sí gbòǹgbò tí yóò dá a padà. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà da orí rẹ̀ kọlẹ̀. Ẹ wá rì í ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ojú méjì ó kéré tán wọ inú ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti sábà máa ń yọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé ewé máa ń yọ ṣáájú gbòǹgbò. Oúnjẹ tó wà nínú ọ̀pá ló ń gbé ewé náà jáde. Ẹni tó bá fà á tu láti wò ó ti já gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ títí di oṣù kẹfà ni kí ẹ rì í. Èyí tí a bá rì ní oṣù kẹwàá, ọ̀gbẹlẹ̀ yóò ká a mọ́. Níbi ọ̀gbẹlẹ̀ yìí gan-an ni hóró ti ń borí: gbòǹgbò igi tó ti ara hóró wá a máa wọlẹ̀ jìn, ti ẹ̀ka sì ń tàn kálẹ̀ nítòsí òkè. Nítorí náà, ẹ bomi rin ti ẹ̀ka nígbà ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n adùn ló mú mi yan ẹ̀ka. Bí ewúro ìyá àgbà kan ládùúgbò bá ní ewé tí kò korò jù, ẹ̀ka tí wọ́n bá fún yín yóò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Hóró kò lè ṣe irú ìlérí yẹn, nítorí oyin ti lè gbé àtíkè òdòdó mìíràn wá pò mọ́ ọn. Àbùkù ẹ̀ka náà wà níbẹ̀: bí gbogbo àgbàlá bá jẹ́ ọmọ ìdí kan ṣoṣo, àrùn tó bá mọ ọ̀nà ọ̀kan ti mọ ọ̀nà gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń wá irú tuntun, bíi ti àwọn onímọ̀ NIHORT, ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975 fún ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, kò lè ṣe é láìsí hóró.

Ẹ fi ìdí kan sílẹ̀ láìká orí rẹ̀ bí òjò bá ti ń lọ, kó lè tanná, kí ẹ sì gbin ìwọ̀nba hóró rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀ka tí ẹ rì.