Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ Nípa Pákó Ẹsẹ̀ Ògiri àti Pákó Etí Ilẹ̀kùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n lónìí, ògiri gan-an ni a fẹ́ fi í bá wí. Nínú ilé tí a kọ́ tán, ibi méjì ni ògiri ti máa ń lanu: ìsàlẹ̀, níbi tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé, àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí férémù ilẹ̀kùn ti fara kan sìmẹ́ńtì. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo ti ìsàlẹ̀ ni àwọn káfíńtà ń pè ní sikátìn. A ó máa pè é ní pákó ẹsẹ̀ ògiri. Èyí tí ó yí férémù ká ni a ó máa pè ní pákó etí ilẹ̀kùn. Ohun kékeré ni méjèèjì lójú ẹni tí ó ti ra bíríkì, páànù àti irin, ṣùgbọ́n ohun kékeré yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé mọ́ bàbá mi kékeré lọ́wọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá yìí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kánò. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, díẹ̀díẹ̀ ni ó fi kọ́ ilé rẹ̀. Ó ń fi owó ránṣẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń bá a mójú tó iṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 2018, ó ní dandan ni kí òun ṣí ilé náà nígbà ọdún Iléyá, èyí tí ó bọ́ sí ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ. Ó ti rí pákó ẹsẹ̀ ògiri nínú ilé oníbàárà rẹ̀ kan ní Kánò, ó sì wù ú púpọ̀. Ó ránṣẹ́ sí káfíńtà pé kí ó fi í sí gbogbo yàrá, kí ó sì parí rẹ̀ kí àlejò tó dé.

Káfíńtà parí rẹ̀. Ojú gbogbo wa ni ó ṣe. Ọ̀dà ń dán, igun bá igun mu, a jẹ, a mu, a sì bá onílé yọ̀. Nígbà tí bàbá padà lọ sílé ní oṣù kìíní ọdún 2019, ọyẹ́ ti mú. Gbogbo igun ti là. Pákó ti fà kúrò lára ògiri débi pé ìka ọmọdé lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì padà sí ẹnu òwò rẹ̀. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà dé, ìjọba fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ilé náà sì wà ní títì pa. Oṣù keje ni bàbá tó ráyè dé ibẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn pálọ̀ kí ó lè bọ́ bàtà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú igi lọ. Ọ̀dà nìkan ni ó kù níta. Inú rẹ̀ ti di yẹ̀pẹ̀. Ikán ti gba ẹ̀yìn pákó ẹsẹ̀ ògiri gòkè, ó ti jẹ férémù tán, ó sì ti dé ibi igi òrùlé. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

A ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n parí rẹ̀ kí Iléyá tó dé. Omi ṣì wà lára pákó tí mo rà. Mo sọ fún màmá tí wọ́n ń bá yín mójú tó o, wọ́n ní àlejò ń bọ̀.” Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé irọ́ ni ó pa. Ni bàbá bá kọjú sí mi, ó ní: “Ìwọ tí o ń túmọ̀ ìwé fún ìjọba, lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí, kí o sì kọ ọ́ ní èdè tí èmi àti káfíńtà yóò jọ gbọ́.” Kókó inú ìwé tí mo kọ fún wọn ni mo mú wá fún yín yìí.

OMI INÚ IGI

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là kún fún omi. Bí omi náà ti ń kúrò ni igi ń súnkì, ṣùgbọ́n ní ìbú ni ó ti ń súnkì. Agbára káká ni yóò fi dín kù ní gígùn. Ìdí nìyí tí igun tí káfíńtà gé ní dígírì 45 nínú òjò fi máa ń là ní ẹ̀gbẹ́ inú bí ọyẹ́ bá dé. Kì í ṣe ayùn ni ó ṣẹ̀, omi tí ó jáde ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi tí ó gbẹ yóò tún wú bí òjò bá padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní ìlú òkè ju àwọn tí ó wà nílé lọ. Ẹni tí ó bá ra pákó ní Bódìjà ní Ìbàdàn nígbà òjò, tí ó sì gbé e wá sí Kàdúná tàbí Kánò, yóò rí i pé afẹ́fẹ́ ibí yóò fa omi tí ti Ìbàdàn kò lè fà. Nítorí náà, ẹ ra pákó tí a ti sá fún oṣù mélòó kan. Bí ó bá délé, ẹ tò ó pẹlẹbẹ sínú yàrá tí a ó ti lò ó, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

Kí ẹ tún rántí pé ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní omi tirẹ̀, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sì ní. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò bá ń rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ tẹ́ ọ̀rá sí i, ẹ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá náà, ẹ má tíì fi pákó kàn án.

IRÚ IGI TÍ Ó YẸ

Ìrókò àti apá jẹ́ igi tí ikán kì í tètè rí jẹ. Ṣùgbọ́n àárín igi, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ni mo ń wí. Ara rẹ̀ tí ó funfun, tí ó sún mọ́ èèpo, kò ní agbára yìí, ìbáà ṣe ti ìrókò. Arère àti afàrà fúyẹ́, wọ́n rọrùn láti gé, owó wọn kò sì pọ̀ tó ti ìrókò, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún ikán bí a kò bá fi oògùn sí wọn. Arère tútù ni wọ́n lò sí ilé bàbá mi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni ṣíṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, kò sì fi mọ sí ilẹ̀kùn nìkan. Ó gbẹ́ àtẹ́rígbà tí ó wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ náà wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ ní Wembley ní ọdún 1924, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún náà mú ọgbọ́n iṣẹ́ igi wá, ó sì hàn lára ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ilé wọn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni àlejò ti ń kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí onílé jẹ́.

ÈTÒ IṢẸ́ NÁÀ

Ẹnu ọ̀nà ni a ń kọ́kọ́ ṣe, nítorí ìdí pákó etí ilẹ̀kùn ni pákó ẹsẹ̀ ògiri yóò parí sí. Kí a tó kan pákó etí ilẹ̀kùn, kí a fi nǹkan bíi mìlímítà 6 sílẹ̀ lára ojú férémù ní apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí pákó má baà dí irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí lọ́wọ́, kí ojú má sì tètè rí i bí férémù bá wọ́ díẹ̀. Etí kan pákó náà ni a ó kàn mọ́ férémù, a ó sì kan etí kejì mọ́ ògiri.

Bí ó bá kan ẹsẹ̀ ògiri, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri tí ó gùn jù. Níbi igun inú yàrá, kí káfíńtà má ṣe gé pákó méjèèjì ní dígírì 45. Kí ó jẹ́ kí èkíní lọ tààrà títí yóò fi kan ògiri, kí ó wá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé orí èkejì kí ó bá ojú èkíní mu. Igun tí bíríkìlà mọ kì í sábà gún géérégé, ṣùgbọ́n oríkèé tí a gé báyìí yóò dì mọ́ra síbẹ̀. Igun tí ó yọ síta nìkan ni a ń gé ní dígírì 45.

Ara ògiri ni kí a kàn án mọ́, kì í ṣe ilẹ̀. Ìṣó lásán kì í di bíríkì mú pẹ́. Kí a dá ihò, kí a ki rọ́bà kékeré bọ inú rẹ̀, kí a sì yí súkúrù wọ inú rọ́bà náà. Kí ìsàlẹ̀ pákó ga sókè kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bíi mìlímítà 2 tàbí 3, kí ó má baà máa fa omi tí a fi ń nu ilẹ̀. Ohun tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé kí a ti kun ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pákó àti orí tí a gé kí a tó kàn án. Ẹ̀yìn tí ènìyàn kò rí ni ikán àti ọ̀rinrin ń bá wọlé.

Kì í ṣe gbogbo yàrá ni pákó yẹ o. Ní ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ibikíbi tí a ti ń da omi sílẹ̀ fọ̀, sìmẹ́ńtì tàbí táìsì ni ó yẹ ẹsẹ̀ ògiri.

OÒGÙN IKÁN

Kí a tó da sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ni ó dára jù láti fi oògùn ikán sí yẹ̀pẹ̀, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà sì ṣe é. Ní àtijọ́, dieldrin àti chlordane ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Wọ́n wà lára àwọn oògùn tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ní ọdún 2001 kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé wọn kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, wọ́n sì máa ń kó jọ sínú ọ̀rá ara ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò tí kò ní àkọlé wá fún yín, ẹ má gbà á.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí tán, ojú ló kù. Kí ẹni tí ó wà nílé máa wo ẹsẹ̀ ògiri nígbà gbogbo, pàápàá nígbà òjò. Bí ó bá rí ipa amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tàbí tí ó kan pákó tí ó sì dún bí igbá òfìfo, kí ó ránṣẹ́ kíákíá.

Bàbá mi kékeré tún ilé náà ṣe. Igi òrùlé tí ikán jẹ ni ó gba owó jù. Káfíńtà kan náà ni ó pè. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n ra ìrókò tí a ti sá, wọ́n tò ó sí pálọ̀, wọn kò sì fọwọ́ kàn án títí di ìparí oṣù kìíní ọdún 2021. Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kánò fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó jókòó lórí àpótí, ó ń wo iṣẹ́. Pálọ̀ àti yàrá méjì péré ni ó fi pákó sí. Táìsì ni ó fi sí ìyókù. Ọyẹ́ ti wá, ó ti lọ lẹ́yìn náà, igun wọ̀nyẹn kò là.

Àjò kò lè dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n bí bàbá ti ń délé báyìí, kì í kọ́kọ́ jókòó. Yóò tan tọ́ọ̀ṣì, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa fi ìka kan ẹsẹ̀ ògiri láti yàrá dé yàrá. Ó ní owó lè ti Kánò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n pákó kò lè gbẹ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, bí ẹ bá ń fi owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àkókò ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.