Káàdì Abẹ́rẹ́ Àjẹsára àti Ìwé Nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwé

Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán nọ́ọ̀sì kan sí wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò tíì pẹ́ tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fi oògùn sí ojú egbò lọ. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀, kí a má parọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wọ ọ́fíìsì wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára gbogbo ọmọ tó wà ní ilé-ìwé yìí." Àwọn ọmọ náà ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Nígbà tí a ránṣẹ́ sí àwọn òbí, káàdì tí ó wọlé kò pé ọgọ́rùn-ún.

Kí ni ó fẹ́ fi káàdì ṣe? Ẹ gbọ́ ná. Bí èéyi bá mú ọmọ kan, ó ti lè kó o ran ẹlòmíràn láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó sú. Kí tíṣà tó rí i lára ọmọ, àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan ti lè kó o. Nọ́ọ̀sì ní láti mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ọmọ tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àti èyí tí kò gbà. Bí ó bá ní ìwé, yóò ṣí i, yóò sì ránṣẹ́ sí òbí àwọn tí kò gbà. Bí kò bá ní ìwé, yóò kàn máa méfò ni. Ní 2023, àrùn ọ̀fun kan tí ń jẹ́ difitéríà pa àwọn ọmọ ní Kánò àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó mú ni kò gba abẹ́rẹ́ wọn pé.

Ẹ wo káàdì náà. Tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa ń nà án sí àwọn nọ́ọ̀sì ni, ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní báyìí ẹ ti lè kà á. Òkè ni orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá wà. Ìsàlẹ̀ ni orúkọ àwọn abẹ́rẹ́ tò sí. BCG ni ti ikọ́ ife. OPV ni èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Bí a bá ti bí ọmọ ni ó yẹ kí ó gba méjèèjì. Penta ń dènà àrùn márùn-ún, difitéríà sì wà nínú wọn; ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ń gbà á. Ti èéyi àti ti ibà pọ́njú di oṣù kẹsàn-án, èéyi sì tún ní ẹ̀ẹ̀kejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn mìíràn tún wà láàárín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣíwọ́ ni lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ọmọ ti sanra, ọjà ń pe ìyá, oṣù kẹsàn-án a sì kọjá lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ abẹ́rẹ́, ẹ óò rí ọjọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n ń kọ sí káàdì: ọjọ́ tí ọmọ gba abẹ́rẹ́, àti ọjọ́ tí ìyá yóò tún gbé e padà wá. Nọ́ọ̀sì wa, nínú ìkánjú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, da méjèèjì pọ̀. Ó rí ọjọ́ ìpadàwá, ó kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé ọmọ ti gbà á. Àwa sì fọwọ́ sí ìwé náà láìwò ó. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní sẹ́ńtà ìlera ni ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó rí i pé ọmọ mọ́kànlá tí a kọ "ó pé" sí iwájú orúkọ wọn ni kò gba ti èéyi rí. Mọ́kànlá! Ojú tì í, ojú ti àwa náà. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ìwé kan fún ọmọ kan.

Orúkọ náà a máa dá ìṣòro sílẹ̀. Ọmọ a ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí ó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nítorí náà "Ọmọ Àṣàkẹ́" ni wọ́n ń kọ sí káàdì. Nígbà tí ó bá dé ilé-ìwé, Babátúndé ni ó ń jẹ́. Báwo ni nọ́ọ̀sì yóò ṣe mọ̀? Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí i ní sẹ́ńtà. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá ìbejì, kí ti Táíwò má bọ́ sí ọwọ́ Kẹ́hìndé o.

Káàdì tí ó sọnù ńkọ́? Ìyá kan bá nọ́ọ̀sì jà lójú wa. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n lọ gbà á!" Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́fà ni ó bí; ta ni yóò rántí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ mẹ́fà? Àpá apá òsì tí ó ń fi hàn wá, ti BCG nìkan ni, kò sọ nǹkan kan nípa èéyi. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ padà sí sẹ́ńtà tí ọmọ ti gbà á, nítorí àwọn náà ní rẹ́jísítà. Bí wọ́n bá rí i, wọn óò kọ káàdì mìíràn. Bí wọn kò bá rí i, a ó ka ọmọ sí ẹni tí kò gbà. Ẹ má bẹ̀rù: bí ọmọ bá tún abẹ́rẹ́ èéyi gbà, kò ní pa á lára. Ọmọ tí ó sì dúró lágbedeméjì kì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ó dúró sí ni yóò ti máa bá a lọ.

Láti oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ kan tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Wọ́n ń gbé e dé ilé-ìwé. Ìwé lè wá bá yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ka tẹ́lẹ̀, ẹ kà á tán kí ẹ tó kọ orúkọ yín. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Ẹ má fi káàdì sílẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó dà á kọ, kí ó sì dá a padà fún yín. Ẹ fi í sínú náílọ́ọ̀nù, kí òjò má rẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹ gba ẹ̀dà ojú ìwé ọmọ yín lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi, nítorí bí wọ́n bá ti lọ, títì ni ẹ óò bá ọ́fíìsì rẹ̀.