Bàálù ológun tí pápá kúkurú tó fún: Ohun tí àwọn tó wà á kì í gbàgbé

Ìlú Ọ̀yọ́ kò ní pápákọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò ní. Tírélà tó ń kó màlúù àti àlùbọ́sà bọ̀ láti òkè Ọya ló mọ ọ̀nà Sábó ní ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bàálù kan wà tí kì í bèèrè pápákọ̀. Bí wọ́n bá ti lé ewúrẹ́ kúrò lórí pápá iléèwé tó gùn díẹ̀, tí ilẹ̀ ibẹ̀ le, tí igi kò sì dí i níwájú, ó lè balẹ̀ síbẹ̀.

Dornier 27 ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é, ó sì wà lára àwọn tí ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ wa kọ́kọ́ lò ní Kaduna, lẹ́yìn tí ìjọba dá iléeṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1964. Ta ni kò mọ Kaduna nínú àwọn àgbà Sábó? Ará Jámánì, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz, ló kọ́kọ́ ṣe olórí wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba ti rán ọ̀dọ́kùnrin 10 lọ kọ́ṣẹ́ ní Ethiopia ní 1962, ó sì rán 16 lọ sí Canada ní 1963.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni Dornier 27 ní. Ìyẹ́ rẹ̀ gba òkè orí àwọn èrò kọjá, èyí ló ń jẹ́ kí awakọ̀ rí ilẹ̀ kedere. Kì í sáré ju bíi 200 mítà lọ kó tó gbéra. Àṣírí rẹ̀ wà nínú ìyẹ́ náà: ó fẹ̀, etí rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣeé tẹ̀ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e dúró nígbà tí eré rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ dín eré kù títí yóò fi ku díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jù ú sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Èyí ni àwọn tó wa irú bàálù bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé. Èéfín iná tí àgbẹ̀ dá sóko ni wọ́n ń wò láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ọ̀sán gangan kò rọrùn fún wọn, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fẹ́lẹ́, bàálù á sì sáré pẹ́ kó tó fò. Ti ọyẹ́ tún wà níbẹ̀: eruku tó ń bo òrùlé Sábó ní December náà ló ń bo pápá mọ́ wọn lójú.

Nígbà tó yá, Nàìjíríà ra èyí tó tóbi. Hercules C-130 bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Amẹ́ríkà ní 1975. Ẹ́ńjìnnì 4 ló ní, síbẹ̀ ó ń balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọn kò da ọ̀dà sí, ó sì lè fi ẹ̀yìn rìn bíi mọ́tò. Ní 1963, ará Amẹ́ríkà kan, James Flatley, gbé ọ̀kan balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi Forrestal láàárín òkun, ó sì tún gbé e fò níbẹ̀!

Ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹni tó balẹ̀ láyọ̀ ló ń sọ ọ́. Ní Sátidé, 26 September 1992, Hercules kan gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Kaduna. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jaji. Wọ́n lé ní 150, nínú bàálù tí wọ́n ṣe fún ọmọ ogun 92. Kò pẹ́ rárá tó já sínú irà ní Ejigbo, l'Ékòó níbẹ̀. Kò sí ẹni kan tó yè.

Ní 17 September 2006, Dornier 228 kan tó ń gbé àwọn ọ̀gágun lọ sí Obudu já ní ìpínlẹ̀ Benue. Àwọn díẹ̀ yè nínú ti ìyẹn, wọ́n sì lè fẹnu ara wọn ròyìn. Ti Ejigbo, àwọn opó àti ọmọ ló ń sọ ọ́.