Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ náà “Wòsàn”

Bí ará Adigbẹ ní Abẹ́òkúta bá wí pé, “Dókítà wo ọmọ náà sàn,” ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó lò: wò, tí í ṣe ìtọ́jú, àti sàn, tí í ṣe ara líle, aláìsàn a sì wà láàárín wọn. Bí a bá fi ì ṣáájú wọn, wọ́n di ìwòsàn, bí a ti ń wí nípa ilé ìwòsàn Lantoro, tí a dá sílẹ̀ ní 1895.

Ẹ kíyèsí i pé wíwò ni ó ṣáájú sísàn. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ a sábà máa gba oṣù 6. Bí ikọ́ bá dáwọ́ dúró ní oṣù kejì, tí aláìsàn sì pa oògùn tì, a ti wò ó, ṣùgbọ́n kò ì tí ì sàn.