Èdè Potogí Ni Wọ́n Fún Ọmọ Wa: Kí Ni Yóò Fi Jẹun?

Ní ọjọ́ tí ìwé ìgbàwọlé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé sí ilé wa ní Ayépé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sí ẹni tó yọ̀. Ẹ̀kọ́ òfin ni ọmọbìnrin náà béèrè fún. Èdè Potogí ni wọ́n fún un. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ gààrí tí wọ́n ń mu sílẹ̀, wọ́n ní, "Potogí kẹ̀? Ta ni yóò máa bá sọ ọ́ ní Ayépé? Kí ni yóò fi jẹun?"

Ìbéèrè gidi ni, nítorí ilẹ̀ kan ni wọ́n tà kí owó ilé ẹ̀kọ́ lè pé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di Sátidé, èmi, àwọn àti ọmọ wọn wọkọ̀ lọ sí Èkó.

Pópó Àgùdà ni mo mú wọn lọ. Mo fi Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey hàn wọ́n, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n kíyè sí orúkọ àwọn ìdílé àdúgbò náà: da Silva, Pereira, da Rocha. Ọmọ ilẹ̀ wa ni baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà. Àwọn kan padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà, àti frejon tí wọ́n ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Àwọn tí kò padà ńkọ́? Kúbà kò fòpin sí oko ẹrú títí di 1886, Bràsíl di 1888. Ní Bahia lónìí, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa lẹ́bàá ọ̀nà. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ní Kúbà, Lukumí ni orúkọ àwọn ènìyàn wa àti èdè wọn. Lydia Cabrera kó ọ̀rọ̀ èdè náà jọ sínú ìwé Anagó ní 1957. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ìjọ Lukumí kan láre lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti fi ẹran rúbọ. Babalú Ayé wà nínú orúkọ ìjọ náà: Ọbalúayé wa nìyẹn.

Àwọn náà ń kọ́ nípa wa. Láti 1959 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Bahia ti dá ibùdó ìmọ̀ nípa Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀. Ní 2003, Bràsíl ṣòfin pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ ìtàn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n èdè Potogí ni wọ́n fi ń kọ ohun tí wọ́n rí. Bí kò bá sí ọmọ wa tó lè kà á, ẹnu ẹlòmíràn ni a ó ti máa gbọ́ ìtàn ara wa.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù. Èdè mẹ́ta ni ECOWAS ń lò: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí, nítorí Cape Verde àti Guinea-Bissau. Wọn kò lè ṣe é láìsí ògbufọ̀. Síbẹ̀, n kò ní tan ẹ̀yin òbí jẹ: ìwé ẹ̀rí nìkan kì í wáṣẹ́ fún ni. Kí ọmọ fi Faransé kún un, kí ó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, kí ó sì di Yorùbá rẹ̀ mú ṣinṣin. Ohun tí ẹni tó kọ́ Potogí ní Lisbon kò ní nìyẹn.

Bí a ti ń padà bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí a fi kọjá Ṣàgámù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ọmọ wọn: "Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ 'ẹ kú iṣẹ́' ní Potogí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàámi, ẹ fún mi ní ọdún kan."