Ìkọ̀sílẹ̀ Láìsí Ìjà: Àwọn Wo Ni Ó Yẹ?

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí wà: ìkọ̀sílẹ̀ tí tọkọtaya fẹnu kò lé lórí.

Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀nà tí a gbà so ìgbéyàwó ni a ó gbà tú u. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni ilé ẹjọ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti dá owó orí padà, ọ̀rọ̀ parí. Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìlànà kan jáde lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, kí àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ lè gbà á lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ní iwájú akọ̀wé ìgbéyàwó, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ, kò sí ìpàdé ẹbí tàbí kóòtù ìbílẹ̀ tí ó lè tú u. Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ó ni agbára náà. Ọ̀kan sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọkọ gba Èkó lọ, aya padà sí ilé baba rẹ̀, ẹbí ní ó ti parí, kálukú sì fẹ́ ẹlòmíràn. A ń sọ ọ́ gbangba pé kò tíì parí. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ṣì dè wọ́n. Ẹni tí ó bá tún lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó kejì, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni Òfin Ìwà Ọ̀daràn là sílẹ̀ fún un. Bí ikú bá sì dé, ẹjọ́ ogún ni yóò kù fún àwọn ọmọ.

Kí ni òfin wí? Ìdí kan ṣoṣo ni Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti ọdún 1970 mọ̀ fún ìkọ̀sílẹ̀: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Lára ohun tí a lè fi fi ìdí èyí múlẹ̀ ni pé tọkọtaya ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 gbáko, tí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kò sì takò ó. Èyí gan-an ni ìkọ̀sílẹ̀ láìsí ìjà. Bí ó bá ti pé ọdún 3 tí wọ́n ti pínyà, a kò tún ní láti dúró de ìfohùnsí ẹnì kejì.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé lásán ni a ó fọwọ́ sí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: bí ẹnì kejì tilẹ̀ dákẹ́, adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀rí. Yóò wò ó bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Bí ó bá sì rí i pé wọ́n di rìkíṣí láti tan kóòtù jẹ, òfo ni ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán oṣù 3 ni wọn yóò fi dúró kí ìtúká tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá sì wà, adájọ́ yóò béèrè ètò ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ojú tiwa, ọ̀nà yìí yẹ àwọn tí ìfẹ́ ti tán láàárín wọn ṣùgbọ́n tí ọ̀wọ̀ kò tíì tán, tí wọ́n lè jókòó sọ ẹni tí ọmọ yóò bá gbé, ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé, àti bí a ó ti pín dúkìá. Kò yẹ aya tí ìbẹ̀rù lílù pa lẹ́nu mọ́, nítorí ìdákẹ́ ìbẹ̀rù kì í ṣe ìfohùnsí. Kò sì yẹ ẹni tí ẹnì kejì ń fi ohun ìní pamọ́ fún. Irú wọn gbọ́dọ̀ wá agbẹjọ́rò tiwọn, kí wọ́n sì sọ ti ẹnu wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń rí ọmọ tí ilé ti tú mọ́ lórí ní kíláàsì. Ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n yẹ ìwé ìgbéyàwó wọn wò kí wọ́n tó pínyà. Ẹni tí yóò bá lọ, kí ó gba ọ̀nà òfin lọ, kí àwọn ọmọ má baà jẹ gbèsè ìjà tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀.